Pírójẹ́tọ̀ Tó Ń Wo Òkè

Ẹni tó bá mọ Adégbọlá dáadáa mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ń ra ìràkurà. Bàtà tó fi ń wa bọ́ọ̀sì láti Woolwich lọ sí Thamesmead, ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ wọn dàgbà ju Delight ọmọ wọn lọ, Delight sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè irú pírójẹ́tọ̀ tó dáa tí kò sì wọ́n. Wọ́n ní ṣé ó fẹ́ ṣí ilé sinimá ni. Ó ní rárá, ìyàwó òun ló fẹ́ máa fi wo fíìmù lórí àjà yàrá. Ẹ̀rín náà dá wáí, torí gbogbo gáréèjì ló mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ kì í jókòó mọ́.

Patricia nìyàwó náà ń jẹ́. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé tó ti ń ṣe kérà, tó ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó, tó ń gbé wọn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló bí wọn. Ní oṣù kejì ọdún ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún òun náà ní ọsibítù ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Woolwich Common. Kókó kan ni wọ́n yọ kúrò lára eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Dókítà ní kì í ṣe kókó burúkú, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó ní kó fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan fẹ̀yìn lélẹ̀, lẹ́yìn náà kó máa jókòó díẹ̀díẹ̀, kó máa dìde díẹ̀díẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa. Jordan, físíò tó ń kọ́ aláìsàn bó ṣe máa jókòó àti bó ṣe máa rìn padà, tí wọ́n ń rán wá sílé ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbé e jókòó lẹ́ẹ̀mejì, Patricia sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja inú fìríìjì. Àfi bó ṣe di ẹ̀yìn ọdún Àjíǹde tí nǹkan yí padà. Patricia ní ó rẹ òun. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní kí Jordan máa lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò dá a lóhùn rárá, ó kàn yí ojú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, ògiri ló ń wò. Oúnjẹ tí Adégbọlá bá gbé wá, á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹta, á ní òun ti yó. Jordan fa Adégbọlá sí kọ́rídọ̀, ó ní ẹ̀yìn náà ti jiná tó láti jókòó, pé ìyàwó rẹ̀ ni kò fẹ́, àti pé bí kò bá jókòó láìpẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbàgbé iṣẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó máa lọ, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìyá Patricia ti kú. Ìkìrun ló kú sí, ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹrin. Débọ̀, ẹ̀gbọ́n Patricia, kò pe àbúrò rẹ̀, Adégbọlá ló pè. Ó ní, "Àna mi, Màmá ti lọ o. Mo bẹ yín, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Patricia gbọ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹ̀yìn ẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí lè gbé e lọ." Adégbọlá ò tilẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán tó fi ní bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn wa ń ṣe é. Wọn kì í túfọ̀ fún aláìsàn. Wọ́n á ní kó gbádùn ná.

Irọ́ wá bẹ̀rẹ̀, ẹ sì mọ irọ́, kì í dúró lójú kan. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Màmá máa ń pe Patricia tó bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ìpè ò wá mọ́, wọ́n kọ́kọ́ ní fóònù Màmá já sómi. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un, dókítà ní kò gbọdọ̀ wo fóònù. Nígbà tí ìyẹn náà gbó, wọ́n ní Màmá ti gun orí òkè lọ, ó ń gbàdúrà ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún nítorí ọmọ rẹ̀. Ará Aládùúrà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ orí òkè kì í ṣe tuntun sí wọn. Àwọn ìyá ìjọ tó ń wá gbàdúrà fún Patricia lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú sùtánà funfun wọn nínú àpò, gbogbo wọn ló mọ̀. Wọ́n á jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ní, "Màmá ń kí ẹ o, a bá wọn sọ̀rọ̀." Delight náà mọ̀. Ilé ìwẹ̀ ló wọ̀ lọ sunkún tirẹ̀, ó sì ṣí omi sílẹ̀ kí ìyá rẹ̀ má bàa gbọ́.

Adégbọlá ní tirẹ̀ ò sunkún. Ọjọ́ tí wọ́n sin Màmá, ó dá mọ́tò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Woolwich Common, ó kọjú sí bárékè àwọn ṣọ́jà, ó sì wo ìsìnkú náà tán lójú fóònù. Ìyá ìyàwó yẹn fẹ́ràn rẹ̀. Ọdún tó kọ́kọ́ lọ sílé lẹ́yìn ìgbéyàwó, obìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún iyán fún un, ó ní ẹni tó bá ń tọ́jú ọmọ òun, òun náà lòun bí. Ó fẹ́ sunkún o, àmọ́ aago méjì ló máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tí ojú rẹ̀ wú ò sì lè wa bọ́ọ̀sì tó kún fún èrò. Ó nu fóònù mọ́ ṣòkòtò, ó lọ síbi iṣẹ́.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí Patricia kọjú sí ayé padà. Ó gbà pé àìsàn ti sú u, ó sì ń bẹ̀rù pé ó ti fẹ́ jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ó ń sọ fún Ọlọ́run láràárọ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ṣófo pé kó ṣáà jẹ́ kí obìnrin yìí wo nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ògiri.

Delight ló mú ọ̀rọ̀ pírójẹ́tọ̀ wá. Kí àìsàn tó dé, gbogbo Sátidé ni òun àti ìyá rẹ̀ máa ń ta gémù ìdíje mọ́tò ní pálọ̀. Patricia ò mọ̀ ọ́n wà rárá. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń kọ lù, á sì máa bú wọn pé wọn ò mọ títì. Lẹ́yìn gémù, wọ́n á wo fíìmù kan láti ilé, Patricia á máa sọ ohun tó ń bọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Ní báyìí, pálọ̀ jìnnà sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì tètè ń rẹ̀ bó bá gbé fóònù sókè. Delight ní, "Daddy, máa wo ceiling yẹn. Ó funfun, ó tẹ́jú. Tó o bá ra projector tó lè wo òkè, Mummy ò nílò láti jókòó." Ọmọ tí wọ́n bí síbí ni, kò mọ "ẹ" mọ́ "o" fún àgbà, wọ́n ti bá a jà títí, ó ti sú wọn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, ọ̀rọ̀ àgbà ni. Adégbọlá dì í mú bí ẹni di okùn kànga mú.

Ó wá rí i pé ríra pírójẹ́tọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń wò ó lórí fóònù ní àkókò ìsinmi iṣẹ́. Bó bá rí èyí tí kò wọ́n, ẹni kan á ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kò ju iná àbẹ́là lọ. Bó bá rí èyí tó dáa, owó rẹ̀ á tó owó ilé. Ó tojú sú u. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó mú Delight dání lẹ́yìn ilé ìwé, wọ́n gba Plumstead High Street lọ sọ́dọ̀ Ṣùpọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Ṣùpọ̀ wà láàárín ilé onídìrí kan àti ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu. Ó ń tún fóònù ṣe, ó ń ta tuntun, ó ń ta àlòkù, kò sì tíì pé ogójì ọdún, bẹ́ẹ̀ ló mọ nǹkan tó ń tà. Adégbọlá fi èyí tó ti yàn lórí fóònù hàn án. Ọgọ́rin pọ́n-ùn péré ni, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ní òṣùwọ̀n lumen.

Ṣùpọ̀ wò ó, ó rọra mí kanlẹ̀. Ó ní, "Daddy, ẹ má bínú. Irọ́ funfun báláú ni. Ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan tó bá wù ú sára páálí. Èyí tẹ́ ẹ rí yìí, iná tọ́ọ̀ṣì ló wà nínú ẹ̀. Ìgbà wo lẹ fẹ́ máa lò ó?"

"Ọ̀sán Sátidé ni. Ìgbà yẹn ni Delight máa ń wà nílé."

"Kọ́tìnì yín ńkọ́? Ṣé ó nípọn?"

"A lè fi ìbora kún un."

"Láti orí àga tẹ́ ẹ máa gbé e sí títí dé àjà, ó tó ẹsẹ̀ bàtà mélòó?"

Adégbọlá ti wọ̀n ọ́n nílé pẹ̀lú okùn télọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà àti díẹ̀. Ṣùpọ̀ mi orí, inú rẹ̀ dùn sí oníbàárà tó wọn nǹkan kó tó jáde nílé. Ó gbé ẹ̀rọ méjì sórí káńtà. Àkọ́kọ́ jẹ́ àlòkù, ó tóbi, igun mẹ́rin ló ní. Ó mọ́lẹ̀ gan-an, gbogbo áàpù tí wọ́n fi ń wo fíìmù ló wà nínú rẹ̀, kò sì lọ́ra rárá fún gémù. Delight tan án, ó tẹ bọ́tìnnì, mọ́tò yí lójú ẹsẹ̀. Ó ní èyí ni, kí wọ́n má wo ìkejì mọ́.

Ṣùpọ̀ ní, "Nǹkan kan ló wà ńbẹ̀. Ihò tó fi ń mí, abẹ́ ló wà. Tẹ́ ẹ bá yí ojú ẹ̀ sókè, ẹ ti dí i nímú nìyẹn. Láàárín wákàtí kan, á gbóná, á kú."

Ìkejì kéré, ó rí róbótó bí agolo mílíìkì, ó dúró lórí ẹsẹ̀ irin kan. Ṣùpọ̀ fi ìka kan ṣoṣo tì í lórí, ojú rẹ̀ sì yí lọ sókè jẹ́ẹ́. Àwòrán hàn lórí àjà ṣọ́ọ̀bù, kò mọ́lẹ̀ tó ti àkọ́kọ́, àmọ́ wọ́n rí i. Delight ta gémù lórí rẹ̀, ó fajú ro. Ó ní ó ń lọ́ra díẹ̀ kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ òun. Ṣùpọ̀ tún ní kò sí áàpù fíìmù kankan nínú èyí, torí àwọn tó ṣe é ò gba ìwé àṣẹ. Inú fóònù ni wọ́n á ti máa tan fíìmù, fóònù á sì gbé ojú rẹ̀ sórí àjà. Owó àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àádọ́jọ pọ́n-ùn, ó lé díẹ̀.

Adégbọlá wo ọ̀kan, ó wo ìkejì. Ṣùpọ̀ ní, "Daddy, ta lẹ fẹ́ rà á fún gan-an?"

Adégbọlá tún wo àjà ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ní, "Ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ ni."

"Ó tán. Èyí tó ń wo òkè ni kẹ́ ẹ gbé."

Delight gbé èjìká. Ó ní, "It's calm, kò burú. Mummy máa ń jam gbogbo èèyàn anyway, kò ní mọ̀ pé ó ń lọ́ra." Adégbọlá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùpọ̀ ní ọ̀pá kékeré kan wà tí wọ́n lè kì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ọgbọ̀n pọ́n-ùn, fíìmù á wá láti inú ìyẹn, fóònù á sì dá wà lọ́tọ̀. Adégbọlá ní fóònù ti tó. Ṣùpọ̀ ní, "Ó dáa, àmọ́ ohun tó bá wà lójú fóònù yín ló máa wà lókè o." Adégbọlá ní òun gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́, ọkàn rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Ojú Patricia ló ń rí.

Sátidé dé. Oòrùn oṣù karùn-ún mú, ó sì ń gba fèrèsé yàrá wọn ní Thamesmead wọlé láìtọrọ gáfárà. Delight fi ìbora méjì kọ́ sórí kọ́tìnì. Adégbọlá gbé àga kékeré ti bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹ̀rọ náà lé e, ó yí ojú rẹ̀ sókè. Patricia kọjú sí ògiri, kò bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe. Delight fi pádì gémù lé e lọ́wọ́. Ó jẹ́ kó bọ́ sórí ìbora.

Delight dùbúlẹ̀ tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa mọ́tò òun nìkan. Ìró ìdíje gba yàrá. Ọmọ náà mọ̀ọ́mọ̀ fi mọ́tò rẹ̀ kọ lu ògiri, ó tún kọ lu èkejì, ó ní, "Mummy, wò ó, mo ti ń wa mọ́tò bíi tìẹ." Ojú Patricia ṣì wà lára ògiri. Àmọ́ nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó yí ọrùn. Ó wo òkè. Adégbọlá dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá mira, á tún yí padà.

Patricia ní, ohùn rẹ̀ sì wúwo, "Kí lẹ kó sórí àjà mi?"

Adégbọlá ní, "Sinimá ni. Tìẹ ni. Fíìmù wo lo fẹ́?"

"Èyíkéyìí tó bá ti wu yín."

Adégbọlá sáré fa fóònù yọ. Ó wá fíìmù àwọn ará ilé wa kan, ọ̀rọ̀ obìnrin méjì tó jọ ń ta aṣọ, ó so fóònù mọ́ ẹ̀rọ bí Ṣùpọ̀ ṣe kọ́ ọ, ó gbé e lé orí ìrọ̀rí. Àwòrán gba àjà láti igun dé igun. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, Patricia ṣì ń wò ó. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹwàá, ó ní ẹni tó ń pe èkejì lọ́rẹ̀ẹ́ yẹn ló máa dalẹ̀ rẹ̀. Adégbọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Ó ń dúpẹ́ nínú ara rẹ̀, ó ń ṣírò ọjọ́ tí wọ́n máa pe Jordan padà.

Ìgbà yẹn ni ìlà ọ̀rọ̀ kan já wálẹ̀ láti etí àwòrán. WhatsApp ẹbí tí wọ́n ṣí láìfi Patricia sí i ni. Débọ̀ ló kọ ọ́, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi bí orí ọmọ ọwọ́ lórí àjà funfun náà: *Ogójì ọjọ́ Màmá pé lónìí. Ẹ ṣì má jẹ̀ẹ́ kí Patricia gbọ́ o.*

Adégbọlá bẹ́ mọ́ fóònù. Níbi tó ti ń kánjú, dípò kó pa á, orí ọ̀rọ̀ náà gan-an ló tẹ̀. Fíìmù lọ, ojúewé ẹbí ṣí, fọ́tò tí Débọ̀ fi síbẹ̀ sì gba gbogbo òkè: Màmá nínú léèsì aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n bí i àti ọjọ́ tó kú. Adégbọlá ju fóònù sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ẹ̀rọ náà. Yàrá ṣókùnkùn. Ojú ìyá àgbà náà wà nínú ọwọ́ rẹ̀, ó ń tàn láàárín ìka.

Delight bú sẹ́kún. Patricia ò sunkún.

Ó ní, "Daddy Delight, ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò."

Ó gbọ́wọ́ kúrò. Màmá padà sókè.

Patricia wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan, kẹ́ ẹ dá mi lóhùn bí ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run. Mélòó ló kù fún mi?"

"Mélòó kí ni?"

"Ọjọ́. Oṣù. Ohun tí dókítà sọ fún yín tẹ́ ẹ ò sọ fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà ò yé Adégbọlá. Ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ èdè mìíràn sí.

Patricia ní, "Mo ti mọ̀ pé Màmá ti kú. Ó ti lé ní oṣù kan tí mo ti mọ̀."

Delight ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Àdúrà ni mo fi mọ̀ ọ́n. Tẹ́lẹ̀, bí àwọn ìyá ìjọ bá wá, wọn kì í ṣe àmín ìkẹyìn láì bẹ Ọlọ́run pé kó dá Màmá sí kó lè fojú rí mi lórí ìdúró. Wọ́n á dárúkọ rẹ̀. Láti ẹ̀yìn Àjíǹde, wọ́n á jókòó síbí, wọ́n á ní Màmá ń kí mi, orí òkè ló wà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dijú báyìí, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ ẹ̀. Wọ́n lè purọ́ fún èmi, wọn ò lè purọ́ fún Ọlọ́run. Ẹ̀yin náà, Daddy Delight, àdúrà àárọ̀ yín ńkọ́?"

Adégbọlá ro àdúrà àárọ̀ rẹ̀ wò. Òótọ́ ni. Òun náà ti fo orúkọ náà láràárọ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń fò ó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ máa bá a. Tiwọn ò tilẹ̀ tó oṣù kan tí òtítọ́ fi bá a, wọn ò kàn mọ̀ ni.

Patricia ní, "Ikú Màmá dùn mí, àmọ́ òun kọ́ ló dá mi dùbúlẹ̀. Ẹ rántí bàbá mi. Nígbà tí mọ́tò pa Brother Japheth ẹ̀gbọ́n wa, orí bẹ́ẹ̀dì ni Bàbá wà, wọ́n sì ti sọ fún wa pé kò lè yè é. Èmi ni ẹbí ní kí n máa sọ fún un pé Brother ń bọ̀ lọ́la. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi sọ ọ́. Á wò mí, á ní ó dáa. Ọjọ́ kẹwàá ló kú. Ta la máa ń fi òkú pa mọ́ fún? Ẹni tóun náà ń lọ ni. Ẹni tó máa yè, wọ́n á sọ fún un, á sunkún, wọ́n á tù ú nínú. Nígbà tí mo rí i pé gbogbo yín ń fi ìyá mi pa mọ́ fún mi, mo sọ fún ara mi pé ó tán. Jẹjẹrẹ ni, wọ́n ti sọ fún ọkọ mi. Kí ni mo tún fẹ́ jókòó fún? Mo kọjú sí ògiri, mò ń retí ọjọ́ mi."

Adégbọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mélòó ni obìnrin yìí ti fi dùbúlẹ̀ ti ikú, tí òun ń gbé ọbẹ̀ ẹja wá fún un, tí òun ń bá a sọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn? Òun tó ní òun ń gbà á là, òun gan-an ló ti dájọ́ ikú fún un. Àánú rẹ̀ ṣe é gan-an.

Ó ní, "Kò sí jẹjẹrẹ. Patricia, gbọ́ mi. Dókítà ò sọ nǹkan kan fún mi tí kò sọ lójú ẹ. Ẹ̀yìn ẹ ti ń jiná. Jordan ní ẹ̀yìn ẹ ti jiná tó láti jókòó."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi pa á mọ́?"

Ó lè ní Débọ̀ ni. Ó lè ní bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é. Ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ sọ ọ́ kó tó rí ojú Patricia.

Ó ní, "Ẹ̀rù ló bà mí. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ gbá ẹ mọ́ra, pé ojú abẹ ṣì tutù. Mo rò ó pé bí mo bá sọ fún ẹ, wàá sunkún, mi ò sì ní lè gbé ẹ mọ́ àyà. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń túfọ̀ ìyá fún ìyàwó ẹ̀ kó wá dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn."

Patricia dijú. Omi kan ṣoṣo jáde ní ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, ó ṣàn wọnú irun.

"Ṣé ẹ ti sin ín?"

"Wọ́n ti sin ín. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo wò ó lójú fóònù."

"Ṣé fídíò ẹ̀ wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ fi hàn mí."

Adégbọlá mú fóònù nílẹ̀, ó ń wá a. Patricia ní kó dúró ná. Ó ní, "Ẹ gbé mi jókòó. Ìyá mi ni. Mi ò ní fẹ̀yìn lélẹ̀ wo ìsìnkú ẹ̀."

Adégbọlá àti Delight wo ara wọn. Wọ́n ṣe é bí Jordan ṣe ń ṣe é: Delight gba ẹ̀yìn, Adégbọlá gba ẹsẹ̀, wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n rọra tì í dìde. Patricia ké, ó di ọwọ́ Adégbọlá mú débi pé èékánná rẹ̀ wọlé. Wọ́n ní ṣé kí wọ́n dá a padà. Ó ní rárá. Ó jókòó, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ó fara ti Delight, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì kan ilẹ̀.

Àjà ò wúlò mọ́. Ẹni tó jókòó ò lè máa gbọ́rùn sókè. Adégbọlá na ìka, ó ti orí ẹ̀rọ tí òun rà nítorí pé ó ń wo òkè, ó yí ojú rẹ̀ wálẹ̀ títí àwòrán fi bọ́ sára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì. Ó wọ́, apá kan rẹ̀ sì pín sí méjì níbi tí ilẹ̀kùn ti pàdé, àmọ́ wọ́n rí pósí, wọ́n rí ẹgbẹ́ akọrin tó wọ funfun, wọ́n rí erùpẹ̀ pupa Ìkìrun. Patricia ń dárúkọ wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ó ní Débọ̀ ti rù. Ó ní ta ló di gèlè yẹn fún ìyá àgbà ìdílé wọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pósí kalẹ̀, ó pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ sì là sókè. Ó sunkún bí ọmọdé, pẹ̀lú gbogbo ara tó ti le bí okùn láti ọjọ́ yìí wá.

Adégbọlá jókòó tì í. Ó fẹ́ sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ, pé ó tó, kó má sunkún mọ́, kó dákẹ́ nítorí ara rẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó wá ibi tí abẹ ò dé lára rẹ̀, èjìká òsì ni, ó gbé orí lé e níbẹ̀, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹkún ìyá ìyàwó rẹ̀.